Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Abẹ Ha Kúrò

Òórùn aṣọ ọ̀rinrin tí áyọ̀nù gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni òórùn àárọ̀ ní ilé wa ní Jikwoyi, lẹ́bàá Àbújá. Ó máa ń dé imú mi kí n tó lajú: sítáàṣì, èédú, àti omi tí bàbá mi máa ń fi ẹnu fín sára ṣòkòtò oníbàárà. Alágbàfọ̀ ni bàbá mi. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó dojú kọ títì tó lọ sí Karshi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni yàrá kejì wà, níbi tí èmi, òun, màmá mi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń sùn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ mú débi pé ètè mi là. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ mi lórí itan. Bàbá mi ń lọṣọ, ó ń kọrin, èmi ń kọ orin náà sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ tí màá máa ṣe títí di òní ni mo bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò sì mọ̀ pé màá bà á jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Bàbá mi kò lè lọṣọ láìkọrin. Orin ló fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó gbé áyọ̀nù kúrò kí aṣọ má baà jóná. Orin ìsìn wà fún aṣọ funfun. Orin onígìtá àtijọ́ tó gbọ́ nínú rédíò wà fún ańkárá. Ṣùgbọ́n bó bá kan agbádá ńlá, tí áyọ̀nù ní láti rìn jìnnà, orin ìlú wa ló máa ń kọ, ní èdè ìlú wa. Okun ni wá, láti apá ìwọ̀-oòrùn Kogi. Bàbá àti màmá mi ń sọ èdè náà láàárín ara wọn bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Àwa ọmọ gbọ́ ọ, a kì í sọ ọ́. Háúsá àti Píjìn là ń sọ ní títì, Yorùbá inú Bíbélì là ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí bàbá bá fi èdè ìlú pè wá, èdè mìíràn la fi ń dá a lóhùn, kò sì sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ìwé mẹ́fà ni bàbá mi kà mọ, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó rí tí kì í gbé. Ó máa ń ra àwọn tí kò léèpo mọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ tà ní Nyanya: ìwé ìtàn, ìwé àròsọ, ìwé tó ń ṣàlàyé ẹ̀rọ pàápàá. Púpọ̀ nínú wọn ni ojú ewé ìparí wọn ti já. Bó bá kà á dé ibi tó ti já, á pa á dé, á ní, "Ẹni tó kọ ọ́ ti ṣe tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká bá a parí ẹ̀." Ìparí tirẹ̀ máa ń dára jù. Olówó á tọrọ àforíjì, ọmọ tó sọ nù á padà wálé. Nígbà tí mo dàgbà, mo rí ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà ní odindi. Mo kà á dé ìparí. Gbogbo àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ló kú.

Ohun tó tún fẹ́ràn ju ìwé lọ ni àwọn ènìyàn àtijọ́ tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan. Ó máa ń sọ nípa ògbifọ̀ kan ní ìlú wa láyé òyìnbó. Bí òyìnbó bá bú ọba, ògbifọ̀ á ní, "Kábíyèsí, ó ní ẹ kú àárọ̀." Bí ọba bá gbé òyìnbó ṣépè, ògbifọ̀ á ní ọba ń béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìlú fi wà láìjà. Lọ́jọ́ tí òtútù mú ọkùnrin náà, wọ́n fi ẹlòmíràn tó gbọ́ òyìnbó dáadáa rọ́pò rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni ìjà bẹ́. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á wá ní, "Ẹni tó gbọ́ èdè jù kọ́ ló ń tún ìlú ṣe."

Ṣùgbọ́n Ìbídùn lọ̀gá gbogbo wọn. Wọ́n ní ìyá ìyá bàbá bàbá mi ni. Mi ò ka ìran náà tán rí. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń ti òdìkejì Odò Ọya wá kó ìlú wa lẹ́rú, wọ́n kó Ìbídùn, ọmọdébìnrin ṣì ni. Ó pẹ́ lọ́dọ̀ wọn débi pé ó bímọ méjì, àwọn méjèèjì sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kó tó rí àyè sá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà. Nígbà tó máa fi dé ẹnu bodè ìlú wa, ohùn àwọn tó kó o lọ ti wà lẹ́nu rẹ̀, aṣọ wọn ló sì wà lára rẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè ní amí ni. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ọmọ ìlú lóòótọ́, kó sọ ohun tí àlejò kò lè sọ. Ìbídùn kò bá wọn jiyàn. Ó kọrin:

Mo kọjá odò, odò ò mọ̀ mí,
Mo gun òkè, òkè ò kí mi,
Ẹ ṣí bodè fún mi o, mò ń lọ sí…

Yorùbá ilé-ẹ̀kọ́ ni mo fi kọ ọ́ síbí yìí, nítorí òun ló kù lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ló parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, tí ìlú wa nìkan ń lò, tí ìlú tó wà ní ìrìn ìdajì ọjọ́ sí wa pàápàá kì í lò. Bàbá mi máa ń wí pé ó sún mọ́ ilé ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé. Nígbà tí Ìbídùn sọ ọ́, aṣọ́bodè tó dàgbà jù kàn dìde, kò bi í ní nǹkan mìíràn, ó ṣílẹ̀kùn.

Tíṣà Àlàbí tó ń kọ́ wa ní Yorùbá ló ní kí oníkálukú kọ orin kan wá láti ilé. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ènìyàn jẹ́jẹ́, ó fẹ́ràn àmì ohùn débi pé ó fi wọ́n sórí orúkọ wa nínú ìwé tó fi ń pè wá láràárọ̀. Ó ka iṣẹ́ mi lójú gbogbo kíláàsì, ó ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ bó ti ń lọ. Ó dé ọ̀rọ̀ ìparí, ó dúró. "Dúpẹ́, kí lèyí?"

Mo dìde. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe mọ ojú màmá mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ni ojú màmá mi túmọ̀ sí. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rótìmí sọ láti ẹ̀yìn pé bí àwọn ará òkè bá fẹsẹ̀ gbá òkúta, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ké. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Etí mi gbóná. Mo ní, "Ilé ni, sà."

Tíṣà Àlàbí mi orí. "Kí ló dé tí o ò kọ ilé nígbà náà? Lọ tún un kọ kó mọ́."

Bíìrò ni mo fi kọ ọ́. Ẹ̀yin tí a jọ kàwé nígbà náà á rántí bí a ṣe ń pa bíìrò rẹ́. A ó ṣẹ́ abẹ sí méjì, a ó rọra ha yíǹkì náà títí ojú ìwé á fi di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó fi èékánná dán an, a ó sì kọ òmíràn lé e. Mo mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo kíláàsì lọ. Mo ha ọ̀rọ̀ náà débi pé nígbà tí mo na ìwé náà sí oòrùn, kò sí ohun tó kù níbẹ̀ àfi ìmọ́lẹ̀. Mo kọ *ilé* síbẹ̀, mo fi àmì òkè sórí rẹ̀ bí tíṣà ṣe kọ́ wa.

Orin mi ló gba ipò kìn-ín-ní. Wọ́n ní kí n kà á lọ́jọ́ ìpàdé àwọn òbí. Bàbá mi wọ agbádá aláwọ̀ ojú ọ̀run kan wá, mo sì mọ agbádá náà dáadáa: ti alága àwọn onímọ́tò ni, ọ̀la ló máa wá gbà á. Pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé alága náà lè yọ lẹ́nu ọ̀nà ni mo fi ka orin náà tán. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Bàbá mi náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ kó tó tún máa lọ.

Ẹsẹ̀ la fi rìn padà. Ó ká agbádá náà sórí èjìká kí eruku má baà bà á jẹ́. Ó ní mo kà á dáadáa. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ló kù níbẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi, ó tún un sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun lé ènìyàn lọ́wọ́. Mo dá a lóhùn pé, "Bàbá, tíṣà ní kì í ṣe Yorùbá."

Tíṣà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọkùnrin náà sọ ni mo kọ sókè yẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà náà bí mo ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí wò kí ìwé ìròyìn tó jáde, mi ò rí ibi tó ti sọ ọ́. Èmi ni mo fi sí i lẹ́nu.

Bàbá mi gbé agbádá náà sórí èjìká kejì. Ìwé mẹ́fà lòun kà, ìwé márùn-ún lèmi wà, ó sì gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ mọ ohun tí òun kò mọ̀. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Láti ọjọ́ kejì, bó bá ń lọ agbádá, *ilé* ló fi ń parí orin náà. Mo gbọ́ ọ láti orí ibùsùn. Inú mi dùn.

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó gbé ìwé mi lọ sí Nyanya, ó ṣe fọ́tókọ́pì ojú ewé náà, mi ò mọ iye rẹ̀. Ó lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sílé láti Àbújá, ẹ̀dà kan á bá a lọ: fún ìsìnkú, fún ìkómọjáde, fún ìpàdé ìdílé. Ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Ọmọ mi ló kọ ọ́. Orin wa ti wọ̀wé, kò lè sọ nù mọ́." Nígbà tí wọ́n wó ẹ̀gbẹ́ títì yẹn, ṣọ́ọ̀bù náà bá a lọ, ìwé mi sì wà nínú ohun tí katapílà gbé.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìròyìn. Ohun tí wọ́n mọ̀ mí sí níbi iṣẹ́ ni pé mi kì í tún ẹnu ẹlẹ́rìí ṣe. Bí àgbẹ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, bó ṣe ṣì í sọ ni màá kọ ọ́. Olóòtú mi ti bínú sí mi lórí rẹ̀ rí. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn ikú màmá mi, mo mú bàbá wá sọ́dọ̀ mi ní Wuye. Ìgbàgbé ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Dókítà ní ohun tí ènìyàn kọ́ kẹ́yìn ló máa ń kọ́kọ́ lọ, pé ti ìgbà èwe ló máa ń pẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Orúkọ àwọn ọmọ mi lọ. Òyìnbó lọ, Píjìn lọ. Lọ́dún tó kọjá ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, á di irin rẹ̀ mú.

"Bàbá, níbo lẹ ń lọ?"

"Mò ń lọ sí…" Ẹnu rẹ̀ á là, á máa wá ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ètè, bí ẹni ń fọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn.

"Ilé? Ilé la wà yìí, Bàbá."

"Mi ò sọ pé ilé."

Nígbà mìíràn á sunkún. Nígbà mìíràn á fi orí gbá ilẹ̀kùn, kì í ṣe kíkan, ṣùgbọ́n léraléra. Ojoojúmọ́ ni. Mo mọ ohun tó ń wá. Mo gbà pé bí mo bá lè sọ ọ̀rọ̀ náà fún un lẹ́ẹ̀kan péré, á jókòó. Mo máa ń ní in lẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò lè sín. Mo rántí bí áyọ̀nù ṣe máa ń dúró lórí rẹ̀, mo rántí pé bàbá máa ń fa imú díẹ̀ bó bá ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà gan-an kò wá. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ilé ni?"

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bí iṣẹ́. Mo lọ sí ìpàdé àwọn ará Okun tí wọ́n ń ṣe nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́yìn ọjà Wuye. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì fún mi ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà. Ọ̀kan túmọ̀ sí ìdí àrò, ọ̀kan sí abẹ́ igi tí ìdílé ń pàdé sí, ọ̀kan sí ẹ̀yìnkùlé ìyá ẹni. Kò sí èyí tó jẹ́ ti ìlú wa. Àgbà méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí ìlú tó ni Ìbídùn. Èkíní ní, "Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ pé igbó lẹ sá sí nígbà ogun, níbo lẹ ti rí bodè?" Èkejì ní ó sàn kéèyàn sá sígbó ju kó ta ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Alága ní kí wọ́n dákẹ́, pé oníròyìn wà níjòókòó. Mo rẹ́rìn-ín, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé mi ò rí nǹkan kan.

Ó ku Màmá Ushafa. Ọmọ àbúrò bàbá bàbá mi ni, agbo ilé kan náà ni wọ́n ti dàgbà, òun nìkan ló kù nínú ẹgbẹ́ wọn. Ó ń gbé ní Ushafa lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Mo dé ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, mo kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa mí lórí, ó bi mí bóyá arákùnrin òun ṣì ń wọ aṣọ oníbàárà. A rẹ́rìn-ín. Mo tan ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Mo ní kó bá mi kọ orin Ìbídùn.

Ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n orin náà mọ́ gaara. Ó kọjá odò, ó gun òkè, ó ní kí wọ́n ṣí bodè fún òun. Ó fi *ilé* parí rẹ̀.

Mo ní, "Ti àtijọ́, Mà. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lórin ilé wa ni?" Ó ní kí ọmọ rẹ̀ bá òun gbé ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì wá. Ó tú u, ó fa ìwé kan yọ tó ti gbó lójú ìṣẹ́po, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Ìkọ̀wé mi ni. Ó fi ìka sórí ọ̀rọ̀ ìparí. "Kí èyí tó dé, oníkálukú ń kọ ọ́ bó ṣe wù ú. Èyí la fi sin bàbá mi. Èyí la fi kọ́ àwọn ọmọ. Ìwọ lo kọ ọ́, Dúpẹ́. Ìwọ lo tún wá ń bi mí?"

Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbìyànjú. Ó pa ojú dé, ó gbìyànjú lóòótọ́, mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó lajú, ó ní, "Nǹkan kan wà níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú." Mo gbé fọ́tókọ́pì náà sójú fèrèsé. Mi ò mọ ohun tí mo retí láti rí. Ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì kì í rí ibi tí ìwé ti fẹ́lẹ́.

Mo padà dé Wuye bí agogo mẹ́rin ṣe lù. Bàbá mi ti wọ bàtà, ó ti di irin mú. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo tú ìwé mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí àwọn ará Okun fún mi, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n pè mọ, nítorí mi ò sọ èdè náà rí lójú ayé mi. Ó fetí sílẹ̀. Ó wo ẹnu mi dáadáa. Mo kà wọ́n tán, mo tún wọn kà. Ojú rẹ̀ rọ̀, ọkàn mi sì fò sókè.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí a ṣe ń ṣe fún ẹni tí a kò mọ̀ rí. Ó fi Háúsá kí mi: "Sànnu." Ó wá sún sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n lè ráyè kọjá.

Mo máa ń ronú nípa ọmọdébìnrin orí bẹ́ǹṣì yẹn, èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kò mọ nǹkan kan nípa ẹlẹ́rìí, kò mọ̀ pé àgbà lè kú pẹ̀lú ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, ojú máa ń tì í kíákíá. Èmi mọ gbogbo ìyẹn báyìí. Mo mọ bí a ṣe ń dúró kí ènìyàn parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo mọ bí a ṣe ń bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì láìbí i nínú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú àwa méjèèjì jókòó ti bàbá mi ní agogo mẹ́rin, òun ni kó lọ. Láàárọ̀ kan péré, ó ní ọ̀rọ̀ náà nínú ìkọ̀wé tirẹ̀, láìsí àṣìṣe.